Omi Tó Kọ̀ Láti Dọ́gba

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí Wàhábì jórinjórin fi kúrò nílé ìwé, ẹ má ṣe bi í o, nítorí yóò sọ ọ́ fún yín, ilẹ̀ yóò sì ṣú bá yín níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gé e kúrú. Tíṣà kan nà án ní kíláàsì kẹrin aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ nítorí ṣọ́ọ̀kì tí kò jí. Wàhábì kó ìwé rẹ̀, ó ní òun kò ní fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́ àfi tí tíṣà náà bá wá bẹ òun. Wọ́n gbé tíṣà lọ sí ìlú mìíràn. Tíṣà fẹ̀yìn tì. Tíṣà kú, wọ́n sin ín, wọ́n ṣe àdúrà fìdáù rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ pín ogún. Wàhábì ṣì ń retí rẹ̀.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló ni àgbá gáàsì tó lókìkí jù lọ ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì lẹ́yìn ìlú Èjìgbò, lójú ọ̀nà Ara. Ẹni tí kò bá rí irú àgbá bẹ́ẹ̀ rí, kó fọkàn yàwòrán rẹ̀ báyìí: àgbá ńlá kan tí omi wà nínú rẹ̀, wọ́n sì da àgbá kékeré dé inú omi náà bí ìgbà tí èèyàn da igbá dé odò. Bí káábáìdì bá ti kan omi, yóò máa hó, gáàsì yóò jáde lára rẹ̀, yóò sì máa gbé àgbá kékeré náà sókè díẹ̀díẹ̀. Inú rọ́bà ni gáàsì ń gbà lọ sí ẹnu iná. Gbogbo jórinjórin ló mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé nǹkan tó wúwo lé àgbá kékeré lórí, gáàsì yóò máa fi agbára jáde. Ẹlòmíràn a gbé bíríkì kan lé tirẹ̀, a sì ní ó tó.

Bíríkì kò tó Wàhábì. Họ́ọ̀bù lọ́rì ló gbé ka orí tirẹ̀, irin rìbìtì tí ọkùnrin méjì tó jẹun kánú ń mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó gbé. Nígbà tó ṣe, ó wò ó pé ìyẹn náà kò tó, ó bá gbé àbọ̀ ọlọ ìyàwó rẹ̀ tó fọ́ lé họ́ọ̀bù. Iná rẹ̀ wá ń dún bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ohun tó bá ń pariwo ni aráyé gbà pé ó ń ṣiṣẹ́.

Adéwọ̀yìn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn jórinjórin. Àbíjáàn ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì kó gíláàsì dúdú kan bọ̀ wálé pẹ̀lú Faransé tó tó bù sí ọbẹ̀ gbogbo. Ọ̀sẹ̀ tó dé náà ló kọjá níwájú géètì kan tí Wàhábì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún Alhaja kan. Ó dúró, ó fi ìka kan irin, kó-kó-kó, ó ní, "Vwàlá. Ó dára o. Ṣé itọ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́?" Ọ̀rọ̀ náà ìbá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Alhaja rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni Wàhábì kò ti bá Adéwọ̀yìn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn kò jà o. Ìjà a máa parí, àwọn àgbà a máa pẹ̀tù sí i, ẹnì kan a sì máa rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Èyí tí Wàhábì ṣe kò ní ẹnu ọ̀nà tí àgbà lè gbà wọlé. Bí Adéwọ̀yìn bá kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n," Wàhábì yóò kọjú sí ògiri, yóò ní, "Ògiri, ṣé o jí ire?" Bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ bá kan àwọn méjèèjì, ẹni tó jókòó láàárín ni yóò sọ ọ́ fún, kó bá òun sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ lọ́hùn-ún. Ìpàdé tó yẹ kó tú kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, àtùpà ni wọ́n fi ń parí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń lọ, tí ara dẹ gbogbo wọn, títí àgbá kan fi bú ní ìlú kan tí kò jìnnà. Ẹni tó ni ín kò kú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jọ ojú mọ́. Ẹ̀rù ba ẹgbẹ́. Wọ́n pàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé kò sí àgbá kan tí yóò tún ṣiṣẹ́ lọ́gbà láìjẹ́ pé wọ́n wọn agbára gáàsì inú rẹ̀. Èyí tó bá yege, wọn yóò kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé. Èyí tó bá kùnà, ọ̀dà pupa, ẹni tó ni ín kò sì gbọ́dọ̀ tan iná mọ́ nínú ọgbà náà láé. Wọ́n lọ bẹ Qàwíyyàt, ọmọbìnrin ìlú Ọlà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní kẹ́mísìrì, pé kó wá bá wọn wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀.

Wàhábì gbọ́. Tíṣà ni yóò wọ̀n ọ́n. Adéwọ̀yìn ni yóò ka ohun tí tíṣà bá wọ̀n. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan jókòó, ó ronú jinlẹ̀, ó wá àwọn méjì tí Wàhábì kò fẹ́ rí láyé, ó sì fi àgbá rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀.

"Bàbá Jàmílàt, ẹ ṣáà gbé họ́ọ̀bù yẹn kúrò lórí ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́," ló wí. "Kẹ́ ẹ sì dá àbọ̀ ọlọ mi padà. Ata ni mo fẹ́ fi lọ̀, mi ò fẹ́ ẹ fún gáàsì."

"Wọ́n á ní ẹ̀rù bà mí."

"Kí ẹ̀rù ó bà yín kẹ́ ẹ sì ríṣẹ́ ṣe kò burú. Iṣẹ́ wo lẹ tún mọ̀? Ẹ ò ní ẹ̀rọ ìjórin oníná. Bí wọ́n bá kun àgbá yẹn ní pupa, ṣé èmi àti ẹ̀yin la ó jọ máa kiri ẹ̀kọ ni?"

Wàhábì wo ògiri. Òun àti ògiri ti mọwọ́ ara wọn.

Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò sí ọgbà mìíràn. Kò sí iṣẹ́ mìíràn. Àgbá yẹn ló fi fẹ́ Àṣàbí, òun ló fi rán Jàmílàt lọ síléèwé. Ṣùgbọ́n bí òun bá gbé họ́ọ̀bù kúrò lóru, kí Adéwọ̀yìn sì dé láàárọ̀, kó rí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ tó ń dán lórí àgbá, kó wá rẹ́rìn-ín? Ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó jẹ ẹ̀kọ, ó sì sùn bí ọba.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Adéwọ̀yìn dé pẹ̀lú jàlàbíà funfun tí wọ́n lọ̀ gbọnrangandan, nítorí àtibẹ̀ ni yóò ti gba mọ́ṣáláṣí lọ. Qàwíyyàt gbé pátákó gígùn kan lọ́wọ́. Ó ti fi ìṣó kan rọ́bà tí èèyàn ń rí inú rẹ̀ mọ́ ara pátákó náà, ó tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ kí apá méjèèjì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó kan tépù tí àwọn télọ̀ ń lò sí àárín. Ó ra sóbò lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ó dà á pọ̀ mọ́ omi kí ojú lè rí i dáadáa, ó sì rọ ọ́ sínú rọ́bà. Sóbò náà dúró lápá ọ̀tún, ó dúró lápá òsì, kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ.

Wọ́n ti wọn àgbá àwọn yòókù tán. Gbogbo wọn yege, nítorí gbogbo wọn ti sáré gbé bíríkì kúrò lóru mọ́jú. Wọ́n wá yí àgbá Wàhábì ká, wọ́n káwọ́ gbera. Inú wọn dùn pé òkú àgbá ẹlòmíràn ni àwọn wá wò.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," ni Qàwíyyàt wí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Manómítà ni wọ́n ń pe èyí. A ó so ẹnu kan mọ́ àgbá yín. Ẹnu kejì ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta ló ni ìyẹn. Bí gáàsì inú àgbá bá lágbára ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, á ti omi sílẹ̀ níhìn-ín, omi á sì gòkè lọ́hùn-ún. Àlàfo tó bá wà láàárín omi méjèèjì la ó wọ̀n. Kò gbọ́dọ̀ ju íǹṣì mẹ́jọ lọ."

Wàhábì tẹ̀ síwájú, ó yẹ pátákó náà wò.

"Rọ́bà àwọn bíríkìlà nìyí," ló wí.

"Ó jọ ọ́, sà."

"Kò jọ ọ́. Òun ni. Ilé mélòó ni mo ti ṣe fèrèsé sí tí mo rí i? Wọ́n á di ẹnu kan mú níbí, ẹnu kejì lọ́hùn-ún, omi á dọ́gba, wọ́n á mọ̀ pé ògiri dọ́gba. Omi inú rọ́bà kì í ṣègbè. Bí kò bá dọ́gba, a jẹ́ pé ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló wọ́." Ó na ìka sí i. "Ẹ sì wò ó. Ó dọ́gba. Àgbá mi ti yege. Ẹ gbé ọ̀dà wá."

"A ò tíì so ó mọ́ àgbá yín, sà."

"Nǹkan tó ti dọ́gba, kí lẹ tún fẹ́ so ó mọ́ nǹkan kan fún?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wàhábì gbà pé òun ni wọ́n ń bá rẹ́rìn-ín, ìgbéraga díẹ̀ sì mú un. Ó jẹ́ kí wọ́n so rọ́bà mọ́ ẹnu àgbá.

Ìlànà wọn ni pé ẹni tó ni àgbá ni yóò ṣí tápù fúnra rẹ̀, kó má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé wọ́n fi ọwọ́ òsì ṣí i fún òun. Akọ̀wé ni yóò dúró ti ẹnu rọ́bà tó ṣí sílẹ̀, yóò máa ka íǹṣì sókè, bó bá sì ní kí wọ́n tì í, kí wọ́n tì í. Ìlànà tó dára ni. Ẹni tó ṣe é kò kàn ronú pé ó lè ṣẹlẹ̀ kí akọ̀wé máa sọ̀rọ̀, kí ẹni tó ni àgbá má sì gbà pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀.

Wàhábì ṣí tápù díẹ̀. Sóbò mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lápá kan, ó ń gun òkè lápá kejì.

"Íǹṣì méjì," ni Adéwọ̀yìn kà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rọ́bà. "Mẹ́rin. Mẹ́fà. Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n."

Igi máńgòrò kan wà níwájú Wàhábì. Ó ń wo ewé rẹ̀. Ewé náà dára púpọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Mẹ́jọ. Ó tó. Ẹ tì í."

Wàhábì wo ewé.

"Mẹ́wàá ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n, mo ní kẹ́ ẹ tì í."

Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́, bí ó bá jẹ́ pé ewúrẹ́ ló ké, Wàhábì ìbá ti tápù. Ṣùgbọ́n kí Adéwọ̀yìn ní kí òun ṣe nǹkan, kí òun sì ṣe é lójú gbogbo ẹgbẹ́? Ó tún ṣí i díẹ̀ sí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í," ni Qàwíyyàt wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tètè dé. Sóbò dé ẹnu rọ́bà, kò rí ibi tí yóò tún gbà, ó fò jáde. Ojú Adéwọ̀yìn ló kọ́kọ́ bà sí. Èyí tó ṣẹ́kù tú sára jàlàbíà funfun láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ikùn.

Láyé Wàhábì, ó ti rí ọjọ́ tó dùn. Ọjọ́ tí wọ́n bí Jàmílàt dùn. Ọjọ́ yìí dùn jù ú lọ. Ẹ̀rín tó ti wà ní ìpamọ́ láti ọjọ́ géètì Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò sì jáde ní díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ikùn mú. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ayọ̀ náà ju pé ọwọ́ rẹ̀ kejì ṣì wà lórí tápù, tápù sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Rọ́bà tí kò ní omi nínú mọ́ kì í wọn nǹkan kan, ọ̀nà lásán ni fún gáàsì. Ó ń tú jáde pẹ̀lú ìró ejò yẹn. Òórùn rẹ̀ tó dà bí ti áyù gba ibẹ̀ kan. Ibi tí fọganáísà ti ń fi iná lẹ táyà kò sì ju ìsọ̀ mẹ́ta sí wọn lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó káwọ́ gbera yẹn tú u sílẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Qàwíyyàt sáré lọ bá fọganáísà, ó ń ké sí i pé kó da omi sí iná. Adéwọ̀yìn nìkan ni kò sá. Kò tilẹ̀ lè sá, nítorí kò ríran. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń táràrà lọ síbi tó ti ń gbọ́ ẹ̀rín, ó bá ọwọ́ Wàhábì lórí tápù, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ lé e, ó yí i títí ìró náà fi dákẹ́.

Ẹ̀rín Wàhábì náà dákẹ́. Ó wo iná fọganáísà tó ń ṣe èéfín lábẹ́ omi. Ó wo ibi tí wọ́n wà. Ó kà á lọ́kàn pé ká ní atẹ́gùn ti gbé gáàsì náà lọ síbi iná ọ̀hún ni. Kò sọ ọ́ jáde o. Ẹni tí kò sọ nǹkan jáde, kò sẹ́ni tí yóò fi ẹnu rẹ̀ mú un.

Láti ẹ̀yìn lọ́rì kan tó ti bàjẹ́, àwọn akin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ẹ kùn ún ní pupa jàre."

"Ẹ kun òun náà mọ́ ọn."

"Ọlọ ló gbé ka gáàsì. Ṣé ẹ̀gúsí ló fẹ́ lọ̀ níbẹ̀ ni?"

Ẹnì kan ti gbé garawa ọ̀dà pupa. Wàhábì wo garawa náà, ó wo àgbá rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ohun tí Àṣàbí sọ lálẹ́ àná wọ̀ ọ́ lára: ẹ̀kọ, igbá, òun àti ìyàwó lójú títì.

"Ẹ dúró ná," ni Qàwíyyàt wí. "Àgbá ọ̀hún kò ṣe nǹkan kan. Ẹrù orí ẹ̀ ló pọ̀. Tí wọ́n bá dín in kù, a lè tún un wọ̀n. Sóbò ṣẹ́kù."

Wàhábì gbé àbọ̀ ọlọ sọ̀ kalẹ̀, ó dá a gbé. Qàwíyyàt rọ sóbò sínú rọ́bà, òun fúnra rẹ̀ sì ń kà á lọ́tẹ̀ yìí. Wàhábì ṣí tápù bí ẹni tó ń ṣí ìlẹ̀kùn yàrá ọmọ tó ń sùn. Sóbò gòkè, ó dúró. Wàhábì fi tépù ti ara rẹ̀ wọn ibi tó dé.

"Íǹṣì mẹ́fà ló fi gòkè. Mẹ́jọ lẹ ní kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ gbé ọ̀dà àwọ̀ ewé."

"Íǹṣì méjìlá ni, Bàbá."

"Tíṣà, tépù rèé. Mẹ́fà. Mo kúrò níléèwé, mi ò kúrò nínú mẹ́fà."

"Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lẹ ti ń wọ̀n ọ́n. Apá ibí fi mẹ́fà gòkè, apá ọ̀hún sì fi mẹ́fà sọ̀ kalẹ̀. Àlàfo àárín wọn ni agbára gáàsì. Ẹ wọ̀n ọ́n láti orí èyí dé orí ìyẹn."

Wàhábì wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Ó yí tépù padà, ó wọ̀n ọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀, bóyá tépù náà lè káàánú rẹ̀.

"Èyí tó gòkè, mo gbà," ló wí níkẹyìn. "Èyí tó sọ̀ kalẹ̀, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà ni?"

"Gáàsì yín ló tì í, sà."

Ó kù họ́ọ̀bù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kúrò lórí àgbá: ẹnì kan níhìn-ín, ẹnì kan lọ́hùn-ún, kí àwọn méjèèjì gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá ṣáájú, àgbá kékeré á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, gáàsì á sì gba abẹ́ rẹ̀ tú jáde sí wọn lójú. Wàhábì wo ẹ̀yìn lọ́rì.

"Ẹ̀yin wo ló fẹ́ bá mi gbé e?"

Ẹ̀yìn ń dun ẹnì kan. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá. Ẹ̀kẹta ní òun ti ṣe àlùwàlá. Wọ́n ní kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Adéwọ̀yìn ti rìn yí àgbá ká, ó di họ́ọ̀bù mú lápá kejì. Ojú rẹ̀ dì pinpin, ó pọ́n bí ẹ̀yinná.

Wàhábì di apá tirẹ̀ mú. Ó yíjú sí Qàwíyyàt.

"Tíṣà, bá mi sọ fún ẹni tó wà lọ́hùn-ún pé bí mo bá ti gbé e, kó gbé e."

"Kí n tó sọ ọ́ tán, ẹ ti gbé tiyín, Bàbá. Ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Wàhábì rí i pé ọmọ yìí kò gbọ́n. Ó fi àgbọ̀n júwe sí Adéwọ̀yìn. Ó gbé ìpéǹpéjú sókè. Ó mi orí. Adéwọ̀yìn dúró bí òpó.

"Bó bá jẹ́ pé ẹ ń júwe nǹkan, ẹ̀gbọ́n, mi ò rí yín," ni Adéwọ̀yìn wí. "Ata ilẹ̀ wà nínú sóbò yìí. Ẹ̀yin lẹ ni àgbá. Ẹ sọ̀rọ̀, kí n gbé e."

Àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́rì na ọrùn. Ọ̀dà pupa wà lápá ọ̀tún, ọ̀dà àwọ̀ ewé wà lápá òsì. Kò sí ògiri kankan nítòsí.

"Gbé e," ni Wàhábì wí.

Wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbá kékeré náà gbọ̀n, ó sì dúró ṣánṣán. Ibẹ̀ ni Wàhábì ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan kì í tó fún afọ́jú tó gbé irin.

"Máa bọ̀ lápá ibí. Apá ọ̀tún. Ọ̀tún ẹ, mo ní, ṣé wọn ò ní ọ̀tún ní Àbíjáàn ni? Òkúta wà níwájú, gbẹ́sẹ̀ sókè. Ó tó. Sọ̀ ọ́."

"Ẹ dúró," ni Adéwọ̀yìn wí, jẹ́jẹ́. "Ẹsẹ̀ mi wà lábẹ́ ẹ̀."

Wàhábì wolẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, nínú sálúbàtà aláwọ, ìka márààrún tò síbẹ̀ bí ẹyin inú ìtẹ́. Kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi bí irin bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irin ni, ó wúwo, òógùn wà lọ́wọ́. Èṣù kò tilẹ̀ ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ní kó rántí kó-kó-kó. Wàhábì sì rántí. Ó rántí ẹ̀rín Alhaja láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Yọ ọ́," ló wí. "Yọ ọ́ kíákíá, ọwọ́ ń já mi."

Ẹsẹ̀ yọ. Họ́ọ̀bù balẹ̀, ilẹ̀ mì.

Sóbò tó kù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó. Qàwíyyàt wọ̀n ọ́n láti orí omi kan dé orí omi kejì, kò pé íǹṣì mẹ́rin. Wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kun ẹ̀gbẹ́ àgbá. Ẹnì kan lẹ́yìn lọ́rì ní kó tan iná kí àwọn wò ó, bóyá iná tí kò ní ọlọ lórí lè jó irin. Wàhábì tan án, ó sì ń retí gidigidi pé kò ní jó o, kó lè rí nǹkan bá wọn jà lé lórí. Iná náà kò dún bí ejò. Kò dún bí nǹkan kan. Ó kàn jókòó lẹ́nu irin, ó mú bí abẹ́rẹ́, ó sì jó ọ̀pá méjì pọ̀ débi pé Wàhábì gbá a mọ́ òkúta léraléra, kò já. Ó bà á nínú jẹ́ díẹ̀.

Adéwọ̀yìn ti lọ bomi sójú lẹ́nu kànga. Ó gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, jàlàbíà rẹ̀ rí bí aṣọ alápatà, ó ń lọ kírun Jímọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó dàbọ̀," ló wí.

Wàhábì wo igi máńgòrò. "Hmm," ló wí. Kò sì dájú pé igi ló dá lóhùn.

Nígbà tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àṣàbí gba àbọ̀ ọlọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fi í sídìí ògiri. Ó gbé oúnjẹ wá, ó sì jókòó tì í, ohun tí kì í sábà ṣe.

"Wọ́n ní àwọ̀ ewé ni."

"Kí ni wọ́n á tún fi kùn ún?"

"Wọ́n tún ní ẹ bá a sọ̀rọ̀."

"Bá ta ni?"

"Ẹni tẹ́ ẹ kì í bá sọ̀rọ̀."

"Iṣẹ́ ni mo bá sọ̀rọ̀." Ó bu òkèlè. "Irin la fẹ́ gbé."

"Kí lẹ wá sọ fún iṣẹ́?"

"Mo ní kó gbé e."

"Kí ni iṣẹ́ sọ?"

Wàhábì jẹun díẹ̀. "Ó ní ẹsẹ̀ òun wà lábẹ́ ẹ̀."

Àṣàbí ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ojú ibi tí irin ti já an pọ́n lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì ń fi ìka tí kò dùn ún bu òkèlè.

"Ẹ sì gbé e dúró," ló wí.

"Kì í ṣe nítorí ẹ̀ o," ni Wàhábì wí. "Nítorí sálúbàtà ẹ̀ ni. Awọ gidi ni. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi irin ba irú awọ bẹ́ẹ̀ jẹ́."

"Mo gbọ́," ni Àṣàbí wí. Ó dìde, ó lọ bu òróró díẹ̀ wá, ó sì gba ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kó fi pa á.